Bébà Òfìfo Tó Wà Nínú Àpòòwé Yìí

Ìlọrà,
Ọ̀sán Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àṣàbí mi,

Má jáyà. Kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo mọ̀ pé bí dẹ́rẹ́bà bá pè ọ́ pé ìyá rẹ fi lẹ́tà rán òun sí ọ, àyà rẹ yóò kọ́kọ́ já. Láyé ìsinsìnyí, ẹni tó bá rí lẹ́tà gbà máa ń rò pé kóòtù ló ń pe òun. Lẹ́tà ìyá sí ọmọ lásán ni èyí. Wá ibì kan jókòó, bu omi mu, kí o sì gbé fóònù rẹ sí yàrá kejì. Mo bẹ̀ ọ́, yàrá kejì ni mo wí. Má ṣe dà á dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, nítorí mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ ara mi.

Ohun tó mú mi gbé bíírò kò pẹ́ sọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, kété lẹ́yìn tí ìwọ àti Délé ọkọ rẹ kó dé Bìní, o pè mí. A kí ara wa dáadáa. O béèrè ẹ̀kọ́ mi, mo béèrè ọkọ rẹ. Lẹ́yìn náà o ní, "Màámi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín." Mo ní, "Ẹn-hẹn, mò ń gbọ́." O sọ ọ́. N kò gbọ́ ọ. Kí n tó ní "Kí lo wí?" o ti ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, kò tó nǹkan." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti béèrè, àwòrán àtàǹpàkò lo ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Àtàǹpàkò kì í sọ̀rọ̀, Àṣàbí. Nítorí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìmọ̀ràn yóò wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìyá ni mí, ẹnu mi kò lè gba ìjánu. Bí o bá fẹ́, fo gbogbo ìmọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n má fo ìparí.

Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ òótọ́ tèmi ná. Gbogbo ìgbà tí o bi mí pé báwo ni Ìlọrà, mo máa ń ní, "Ó dára." Ìlú náà dára lóòótọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń kíni. Bí o bá kọjá lára obìnrin tó ń sá ẹ̀lùbọ́, yóò gbójú sókè kó lè kí ọ. Èmi ni n kò dára. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ lọ, tí ìwọ náà sì gba ilé ọkọ lọ, ilé wa ní Ṣakí fẹ̀ jù fún mi. Mo wá síbí láti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí mo ti ń lá lálàá láti ọjọ́ tí mo ti ń bá wọn gbálẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. O pàtẹ́wọ́ fún mi. O ní, "Màámi ti di akẹ́kọ̀ọ́!" Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, mo lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀" lọ.

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kò ju ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ gidi ni wọ́n. Wọ́n ń fi àga iwájú sílẹ̀ fún mi, wọ́n ń gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti jáde, gbogbo wọn á tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà, fóònù á sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan á rẹ́rìn-ín, n kò ní mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. O mọ̀ mí, ojú a máa tì mí. Ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa ní Ṣakí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. N kò mọ bí mo ṣe máa dá ọmọ ogún ọdún lẹ́kun ẹ̀rín kí n sì ní, "Jọ̀ọ́, kí ni?" Nítorí náà, èmi náà yọ fóònù tèmi. Mo kọ́ bí wọ́n ti ń fi ìka tì í sókè. Obìnrin kan ń dín dòdò níbẹ̀, òmíràn ń fọ rọ́ọ̀gì, òmíràn ń jó fún ọmọ rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀bà tútù lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé mò ń wo dòdò ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ti wọlé nìyí. Ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé, Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ṣe ọmọge, tó wà ní Ìmínì. Ìyá Ìmínì ni òun ń pè é. Ìmínì kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n orúnkún àwọn méjèèjì ti kọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọn ra fóònù fún wọn. Ìyà lèyí jẹ́ fún gbogbo ilé, nítorí etí wọn náà ti wúwo.

"Hẹ́lóò!" Àlájà á pariwo.

"Ta ni?"

"Èmi ni!"

"Ìwọ ta ni?"

"Mo ní èmi ni! Ṣé ara le?"

"Ta ló sálọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí káàdì á fi tán, wọn ò ní tíì kúrò lórí ìkíni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlájà ju fóònù náà sórí ẹní, ó ké sí mi:

"Akẹ́kọ̀ọ́! Ṣé o mọ̀wé kọ ṣá, àbí irun lo ń lọ di ní ilé ìwé yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n kọ, mà."

"Mú bíírò wá. Kọ ọ́ pé mo kí i."

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Kí i kú òjò. Kí i kú ìrọ́jú. Kí i kú orúnkún."

"Ẹ kú orúnkún kẹ̀, mà?"

"Orúnkún ló ń dà á láàmú. Ṣé ìwọ lo ni ọ̀rẹ́ ni? Kọ ọ́!"

Mo kọ ọ́. Ó sọ ti adìyẹ rẹ̀ tó sọnù, ó sọ ti ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́lé, ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí ẹnì kan tó fẹ́ fẹ́ wọn nígbà ọmọge tí eyín rẹ̀ ta síta. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, mo fẹ́ ká bébà náà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ ńkọ́? O ò kí wọn?"

"N kò mọ̀ wọ́n, mà."

"Akọ̀wé kì í kọ̀wé tán kó má kí ilé. Bí o ò bá kí wọn, wọ́n á rò pé o ń bínú torí mo rán ọ níṣẹ́. Kí wọn!"

Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi máa ń ṣe bí mo bá bá a kọ lẹ́tà sí bàbá mi lókè ọya. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá Àlájà kọ ọ́, mo kí yín o." A fi rán ọlọ́kadà tó máa ń ná ọ̀nà Ìmínì.

Nígbà tí èsì dé, Ìyá Ìmínì náà ti kí Àlájà kú orúnkún. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó bá a kọ ọ́ kọ tirẹ̀ kún un: "Èmi akọ̀wé Ìyá náà kí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ dára. Ṣé ẹ̀yin náà rí òṣùmàrè àná? Ó tóbi débi pé mo ń wá ẹni tí mo máa fi hàn, n kò rí ẹnì kankan."

Mọrẹ́nikẹ́, mo ka gbólóhùn yẹn ní àkàtúnkà. Èmi náà ti rí òṣùmàrè yẹn. Èmi náà kò rí ẹni tí mo fi hàn.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, nítorí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé kí a máa fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀: bí o bá fẹ́ bá ènìyàn ṣọ̀rẹ́, má dúró de ọ̀rọ̀ ńlá. Fi ohun kékeré tí ojú rẹ rí ránṣẹ́. Ìlà kan ni èmi àti akọ̀wé Ìmínì fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ìlà mẹ́ta, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ bébà, ó sì kọjá sí ẹ̀yìn, títí Àlájà fi ní, "Ta ló ni lẹ́tà yìí gan-an? Ìkíni mi ti há sáàárín ìròyìn yín." Ìgbà náà ni olúkúlùkù wa mú bébà tirẹ̀. Ní Bìní níbẹ̀, o sọ pé o kò gbọ́ èdè wọn. Obìnrin tó ń gbé ojúlé kejì, ṣé o ti fi ohun kan tí o rí hàn án rí? Òṣùmàrè kò ní èdè.

Ìkejì, má ṣe kọ̀wé bí ẹni tí o kì í ṣe. Èyí, èmi ni mo jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, àṣà wa ni kí a máa ní ọ̀rẹ́ inú lẹ́tà ní ìlú mìíràn. Tèmi wà ní Ìkàrẹ́. Mo sọ fún un pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa, pé bàbá mi ní mọ́tò, pé mo gùn bí ọ̀pẹ. Ìwọ náà mọ bí mo ti ga tó. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀ wá kí mi ní ìsinmi Àjíǹde. Ọmọ mi, mo sá lọ sí oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi, ibẹ̀ ni mo wà títí ó fi wá tó sì padà. Màmá mi fún un ní oúnjẹ. Ó ní ọmọ náà jókòó ní ìta wa, ó ń wo òkè, ó ń wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò kọ̀wé sí mi mọ́. Mo rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá rí àwọn fọ́tò tí o ń gbé sójú fóònù, ìwọ àti Délé nínú ilé ìdáná funfun, eyín yín ń tàn. Fọ́tò náà dára. Àmọ́ mò ń wo òkè, mò ń wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo tún fẹ́ sọ ti ìbínú kí n má gbàgbé. Àlájà bínú sí Ìyá Ìmínì nígbà kan torí pé wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́hùn-ún, a kò sì rí ìpín tirẹ̀ nínú ẹran. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè tún sọ fún ọ. Mo kọ ọ́. Òjò kò jẹ́ kí ọlọ́kadà wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́, ya ìwé àná yẹn. Kọ ọ́ pé mo kí i kú ìnáwó." Kí a ní orí fóònù ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé Ìmínì kí òjò tó ṣú. Bí ìwọ àti Délé bá ní aáwọ̀, ẹ má ṣe fi fóònù jà láti yàrá sí pálọ̀. Kọ ọ́ sí bébà, kí o jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a.

N kò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Jẹ́ kí n máa bá ìtàn lọ.

Akọ̀wé Ìmínì ń pè mí ní "ìwọ". Mo tètè rí i. Ó gbọ́ "akẹ́kọ̀ọ́", ó rò pé ọmọge ni mí. Bó ṣe ń kọ ọ́ nìyí: "Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?" N kò tún un ṣe. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ìwọ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ mo mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni, pé Mùtíù ọmọ-ọmọ Ìyá Ìmínì ló fẹ́ ẹ, pé Fìdítì ni òun ti wá. Mùtíù ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀yọ́. Ó kọ̀wé sí mi pé: "Kì í lù mí, kì í bú mi. Oúnjẹ ò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jẹun, á sì mú fóònù. Mo mọ iná fóònù lójú rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ẹn-hẹn. Mo ti ń ka ẹn-hẹn."

Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo kọ irú rẹ̀ sí mi, mo mọ ohun tí ǹ bá fi dá ọ lóhùn: "Ní sùúrù, ọmọ mi. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́." Òwe á ti bo ọ̀rọ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọge ni mo jẹ́ nínú lẹ́tà wa. Ọmọge kì í pòwe fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè kọ kò ju "Èwo ló dùn ọ́ jù?" lọ. Ó sì dá mi lóhùn, ojú ìwé méjì gbáko. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú àgbà kì í jẹ́ kí ọmọ lè sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́kadà mú àpòòwé kan dé láti Ìmínì. Àlájà ní kí n kà á. Mo ya á, mo yọ bébà jáde. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo yí i padà. Òfìfo ni.

"Kà á," Àlájà ní.

"Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, mà."

Ó gba bébà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni tó lè kàwé. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ló fi èyí ránṣẹ́. Lá ìláàhà. Ó ti dùbúlẹ̀. Pe ọlọ́kadà kó tó lọ!"

Ọlọ́kadà gbé àwa méjèèjì, èmi di Àlájà mú lẹ́yìn, ó ń ṣe "Yéè, orúnkún mi" ní gbogbo kòtò ọ̀nà. Nígbà tí a dé, Ìyá Ìmínì jókòó lórí àpótí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ara rẹ̀ le ju tiwa lọ.

"Ta ló kú?" ló bi wá.

"Ìwọ la rò!" Àlájà ní. "Bébà òfìfo lo fi ránṣẹ́!"

"Akọ̀wé mi ló lọ. Ṣé kí n fi imú kọ ọ́ ni? Mo ní bí mo bá fi bébà lásán ránṣẹ́, o ṣì máa mọ̀ pé mo rántí rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá ara wọn léjìká. Èmi kò lè rín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni akọ̀wé yín lọ?"

Ìyá Ìmínì gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. "Àbíbátù? Ó kó aṣọ díẹ̀, ó ní òun ń lọ kí màmá òun ní Fìdítì. Kò sọ ìgbà tó máa dé." Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ìdí ògiri. "Ẹ bi ọkọ rẹ̀."

Mùtíù wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, fóònù lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa. "Mo ti ń fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí i, mà. Ó ń rí i, kò dáhùn. Mo fi àwòrán rósì ránṣẹ́, mo fi ti ọkàn pupa ránṣẹ́. N kò mọ ohun tí mo ṣe."

"Fi ẹsẹ̀ rẹ ránṣẹ́," Àlájà ní. "Fìdítì kì í ṣe Mẹ́kà."

"Bí mo bá débẹ̀ ńkọ́, mà? Kí ni mo máa sọ níwájú àna mi?"

Mo yọ bíírò nínú báàgì mi. Bébà òfìfo tí Ìyá Ìmínì fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fún un ní méjèèjì. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, mà. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ni yín." Mo ní rárá. Ó jókòó, ó ń wo bébà náà bí ẹni tó ń wo odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kí n kọ kí ni, mà?" Mo ní, "Kọ ohun tí o kò mọ̀." Ó fún mi kà nígbà tó ṣe tán. Kò gùn rárá. Ó kọ ọ́ pé: "Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o lọ, o sọ nǹkan kan fún mi. Mo rántí pé ẹnu rẹ ń mì. N kò gbọ́ ọ. Jọ̀ọ́, tún un sọ."

Mọrẹ́nikẹ́, bébà náà wúwo lọ́wọ́ mi. Nítorí mo rántí ọjọ́ Àìkú tí o pè mí. Ariwo kankan kò sí ní ilé lọ́jọ́ náà. N kò lè di ẹ̀bi lé nẹ́tíwọ̀kì. Fóònù wà níwájú mi, ohùn rẹ ń jáde nínú rẹ̀, ojú mi sì wà lára obìnrin tó ń dín dòdò. Ẹn-hẹn ni mo sọ fún ọ.

Mùtíù mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Fìdítì fúnra rẹ̀. Ìròyìn tí a gbọ́ tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ni wọ́n mú un wá sí Ìlọrà, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ọ̀dọ̀ àna. Mò ń gbálẹ̀ níta nígbà tí wọ́n dé. Mùtíù wọlé lọ kí Àlájà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, akẹ́kọ̀ọ́ dà?"

"Èmi nìyí."

"Rárá, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá Àlájà kọ lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Àbíbátù," mo ní, "ṣé o ti jẹun?"

Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ Àlájà ló fún òun ní bíírò; kò rántí sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti hu ewú. Àbíbátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Yéè! Ìwọ ni mo ń pè yín! Mo bi yín bóyá ẹ ti lọ́rẹ̀ẹ́kùnrin!" Mo fà á dìde, a rẹ́rìn-ín, a sì jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Oyún ló sọ fún un pé òun ní. Mùtíù sì ní "ẹn-hẹn", ó ń tẹ fóònù oníbàárà. Ní Fìdítì, ó tún un sọ fún un. Ó ní ọkọ òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màmá òun, ó ń sunkún. Ó ti ní ibì kan báyìí tó máa ń gbé fóònù sí bó bá ti dé: inú ìkòkò tí Ìyá Ìmínì kò lò mọ́.

Lẹ́yìn náà Àbíbátù bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin náà lọ́mọ, mà?"

"Ọ̀kan. Ó wà ní Bìní. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ó wà dáadáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Òun náà ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Bí èmi náà ti ń sọ fún màmá mi nìyẹn, mà. Lójoojúmọ́."

Ìdí nìyí, Àṣàbí. N kò ní kí o sọ fóònù nù. Òun ló ń jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ kó bá mi níbi tí dòdò ti lè gbà á lọ́wọ́ mi. N kò mọ ohun tí ó jẹ́. Bóyá ọ̀rọ̀ Délé ni. Bóyá iṣẹ́ tí o ń wá ni, tàbí ara rẹ, tàbí àárò lásán. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn ọ́ ni, má dúró de bíírò: pè mí, n ó dìde níbikíbi tí mo bá wà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sí mi. N kò ní pòwe. Mo ti pa gbogbo òwe mi tì síbí pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Mo mọ̀ pé ojú ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ sọ tán. Nítorí náà mo fún ọ láyè kan tí ìyá mi kò fún mi rí: nínú lẹ́tà yìí nìkan, má kọ ọ́ sí Màámi. Kọ ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọrà tí o kò mọ̀ rí. Bí "ẹ" bá ń dí ọ lọ́wọ́, pè mí ní ìwọ. N kò ní bínú. Bí a bá tún pàdé, o lè wá kúnlẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wo inú àpòòwé. Mo fi bébà kan síbẹ̀, àti àpòòwé kejì tí mo ti kọ orúkọ mi sí. Dẹ́rẹ́bà yìí ń padà bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́, yóò yà lọ́dọ̀ rẹ. Àlájà ní kí n kí ọ kú ilé tuntun, kú àìgbédè, kú oòrùn Bìní. Àbíbátù náà kí ọ. Ó ní kí n fún un ní àdírẹ́sì rẹ bí o bá gbà. Èmi akọ̀wé náà kí ọ.

Kọ ìlà kan, ó tó. Bí ìlà kan kò bá wá, bí o bá jókòó tì í tí ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò jáde, má ya bébà náà, má sì wá àtàǹpàkò kankan. Ká a bó ti wà, kí o dá a padà fún dẹ́rẹ́bà ní òfìfo.

Mo ti mọ bí a ti ń kà á. Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ mi ni n ó wọ mọ́tò Bìní.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrà.